Filling aláwọ̀ eyín: ohun tí ojú mi rí àti ohun tí mo kọ́

Ẹ jẹ́ n tètè sọ eléyìí kí ọ̀rọ̀ tó pọ̀: nǹkan tí wọ́n ń pè ní white filling yẹn, èyí tí wọ́n fi ń dí eyín tó kán tàbí tó lu, funfun ẹ̀ kọ́ ni iṣẹ́ inú ẹ̀ o, gbígbẹ ni. Tí eyín ò bá gbẹ dáadáa nígbà tí wọ́n ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, àwọ̀ ẹ̀ ì báà bá tiyín mu débi pé ìyá tó bí yín ò ní mọ̀ ọ́n yàtọ̀, ó máa já, ọjọ́ tó máa já ni ẹ ò kàn mọ̀. Èmi ti ṣe ti kánjúkánjú, mo tún ti ṣe ti pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, orí eyín kan náà sì ni o, ìyẹn ni mo ṣe lẹ́nu ọ̀rọ̀. Torí náà tí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ dókítà eyín, kí ẹ tó béèrè pé èló ni, ẹ kọ́kọ́ béèrè pé báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ mú kí eyín yẹn gbẹ. Tó bá ń wò yín bọ̀ọ̀, ẹ dìde jàre.

Alága ni mí n'Íbàdàn níbí, alága ìjókòó ló pọ̀ jù, àmọ́ tí wọ́n bá pè mí fún alága ìdúró mo máa ń lọ. Ẹnu ni mo fi ń jẹun, ọ̀nà yòówù tẹ́ ẹ bá gbà á sí kò burú. Níbi ìdána kan báyìí, ọkọ ìyàwó àtàwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ ti wọlé, mo ní kí wọ́n dọ̀bálẹ̀ gbalaja, wọ́n dọ̀bálẹ̀, mo ní mi ò rí i kí àyà kan ilẹ̀, kí wọ́n tún un ṣe, àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín, onílù ń dá mi lóhùn, gbogbo ẹ̀ ń lọ geere. Mo wá bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ ọkọ láti gbé máìkì sí i lẹ́nu kó bá wa kọrin níbi tó dọ̀bálẹ̀ sí. Ọmọ yẹn ò dúró kí n parí ọ̀rọ̀, ó kàn fò dìde lójijì, orí ẹ̀ ta máìkì lọ́wọ́ mi, orí irin máìkì yẹn sì gbá mi léyín òkè níwájú. Kò tiẹ̀ dùn mí tó bẹ́ẹ̀ nígbà yẹn, ìró ẹ̀ ni mo gbọ́, máìkì wà ní títàn, gbogbo háàlù ló bá mi gbọ́ ọ. Mo fi ahọ́n kàn án, igun eyín yẹn ti lọ, ibi tó kù ń gé mi láhọ́n.

Wọn ò tíì ka lẹ́tà nígbà yẹn o, ìyàwó ò tíì jáde, mo ṣì gbọ́dọ̀ máa báṣẹ́ lọ. Ìgbà yẹn ni mo wá mọ bí "f" ṣe pọ̀ tó nínú iṣẹ́ wa. Ìfẹ́. Ẹ fọmọ fọ́kọ. Ẹ fẹ̀sọ̀ wọlé. Ẹ fọwọ́ sí i. Gbogbo ẹ̀ ló ń gba ibi tó kán yẹn jáde ní atẹ́gùn lásán, ìfẹ́ di ìhẹ́, mo bá gbé abẹ̀bẹ̀ bojú, mo sọ ọ́ dàṣà pé alága ń tijú lónìí. Àǹtí kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá ìyàwó tún na ọrùn sí mi, wọ́n ní "Alága, ṣé ẹ ti mu nǹkan ni?" Mo ní rárá mà, ayọ̀ ló ń pa mí.

Èyí tó já, a ò rí i. Wọ́n ti ń náwó, ilẹ̀ kún fún náírà, ta ló máa wá eyín láàárín owó? Àmọ́ ẹ fọkàn sí ibí yìí o, torí ó lè wúlò fún yín, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ lọ́mọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù. Tí eyín bá kán tẹ́ ẹ sì rí èyí tó já, ẹ fi sínú mílíìkì tàbí omi tó mọ́, ẹ gbé e dání lọ, wọ́n lè lẹ̀ ẹ́ padà síbẹ̀, kò sì sí àwọ̀ tó máa bá tiyín mu ju tiyín lọ. Tó bá wá jẹ́ pé odindi eyín ló bọ́ tòun ti gbòǹgbò, tí kì í ṣe eyín ọmọdé tó máa pààrọ̀ tẹ́lẹ̀, ibi funfun ni kẹ́ ẹ dì mú, ẹ má fọwọ́ kan gbòǹgbò ẹ̀, ẹ má fi kànrìnkàn ha á, ẹ fi omi ṣan ìdọ̀tí ẹ̀ wéré, tẹ́ ẹ bá láyà ẹ tì í padà sójú ihò ẹ̀, tẹ́ ẹ ò bá láyà ẹ sọ ọ́ sínú mílíìkì kẹ́ ẹ sì sáré, torí kò gbọdọ̀ ju wákàtí kan lọ, kó tiẹ̀ má tó bẹ́ẹ̀ ló dáa jù.

Ibi tí mo kọ́kọ́ lọ, mi ò ní dárúkọ ẹ̀. Ó sún mọ́lé, wọ́n ní àwọn máa ṣe é lọ́jọ́ yẹn náà, mo sì ní òde lọ́la, ojú ń kán mi. Bọ̀dá dókítà yẹn ò burú o, ọlọ́yàyà ni, àwàdà wà lẹ́nu wọn. Wọ́n ti owú sábẹ́ ètè mi, wọ́n ní "Ẹ má gbé itọ́ mì o mà, ẹ má fahọ́n kàn án." Ahọ́n tí mo fi ń ṣiṣẹ́ láti nǹkan bí ogún ọdún, wọ́n ní kó jókòó jẹ́ẹ́! Wọ́n fọn afẹ́fẹ́ sí eyín yẹn títí ó fi gbẹ, ìgbà yẹn ni wọ́n wá mú àwọn àpẹẹrẹ àwọ̀ jáde, wọ́n fi wé e, wọ́n mú ọ̀kan. Wọ́n fi jẹ́ẹ̀lì kan sí i, wọ́n fomi ṣàn án. Ibẹ̀ la wà tí wọ́n múná lọ. Ẹ̀rọ tó ń fọn afẹ́fẹ́ kú, gbogbo nǹkan kú, ẹnì kan lọ tan jẹnẹrétọ̀, jẹnẹrétọ̀ ò tètè dáhùn, èmi la ẹnu sílẹ̀, itọ́ ń kún, owú ti rin gbingbin. Nígbà tí iná dé, wọ́n kàn bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí wọ́n dé dúró. Wọ́n lẹ nǹkan yẹn mọ́ ọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, wọ́n tan iná búlúù sí i, wọ́n gé e, wọ́n ní "Ó ti parí mà, ẹ rẹ́rìn-ín ká rí i." Mo rẹ́rìn-ín. Ó rẹwà nígbà yẹn, mo sanwó, mo dúpẹ́.

Ijọ́ kejì tí mo wo dígí, eyín yẹn ti funfun ju àwọn yòókù lọ débi pé òun nìkan lẹ máa kọ́kọ́ rí tí mo bá lanu. Ṣé ẹ mọ̀ pé eyín tó bá ti gbẹ máa ń funfun ju bó ṣe jẹ́ lọ? Nígbà tí wọ́n fi afẹ́fẹ́ gbẹ ẹ́ tán kí wọ́n tó mú àwọ̀, irọ́ leyín mi pa fún wọn. Nígbà tí itọ́ padà wọnú eyín, eyín gba àwọ̀ ẹ̀ padà, filling ò lè gba nǹkan kan padà, bó ṣe wà ló ṣe wà. Mo fara mọ́ ọn pẹ̀lú lípsítíìkì tó dúdú díẹ̀. Kò pẹ́ kò jìnnà, àárọ̀ Sátidé kan, mò ń jẹ búrẹ́dì pẹ̀lú ẹ̀wà àgànyìn kí n tó lọ wé gèlè, mo gbọ́ kaun lẹ́nu. Mo ti fẹ́ máa gbé ìyá ẹlẹ́wà ṣépè pé òkúta ló wà nínú ẹ̀wà wọn. Eyín mi ni.

Dókítà kejì, ọmọbìnrin kan báyìí tí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè bí, ló wá là mí lóye. Ó ń pè mí ní Mummy, èmi náà ń pè é ní Dókítà, mo sì ń fi ẹ̀yin bá a sọ̀rọ̀ torí iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ ẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ó wo eyín yẹn, ó wo èyí tó já, ó ní "Mummy, ìdí ẹ̀ ń dán, kò di nǹkan kan mú rárá, itọ́ ló gbà láàárín wọn." Mo ní kó yé mi, ó sì yé mi.

Bó ṣe rí nìyí o. Jẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń kọ́kọ́ fi sí eyín yẹn, ásíìdì ni, phosphoric acid, ìwọ̀n ẹ̀ sì máa ń tó 37 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ má bẹ̀rù, kì í pẹ́ níbẹ̀, ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ọgbọ̀n ni, wọ́n á sì fomi ṣàn án dànù. Ohun tó ń ṣe ni pé ó máa ń dá ihò wẹ́wẹ́ sára eyín, ojú lásán ò lè rí i, ẹ kàn máa rí i pé ibẹ̀ kì í dán mọ́ tó bá gbẹ, á wá funfun bí ẹfun. Inú ihò wẹ́wẹ́ yẹn ni gúlúù tí wọ́n ń pè ní bond máa ń ṣàn wọ̀, tí wọ́n bá tan iná sí i á dì síbẹ̀, ara gúlúù yẹn ni filling wá máa dì mú. Tí itọ́ bá wá kan ibẹ̀ lẹ́yìn tí ásíìdì ti ṣiṣẹ́, itọ́ á dí ihò yẹn, gúlúù ò ní ríbi wọ̀, orí ilẹ̀ tó ń yọ̀ lẹ gbé ilé lé. Kì í ṣe pé eyín ti bàjẹ́ nìyẹn o, kí wọ́n tún un ṣe látìbẹ̀rẹ̀ ni, ásíìdì, omi, afẹ́fẹ́, kí wọ́n tó máa lọ. Ìyẹn gan-an ni ibi tí wọ́n ti fi mí sílẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n múná lọ.

Mo ka ìtàn ẹ̀ nígbà tó yá, torí tí nǹkan bá dùn mọ́ mi báyìí mi ò kì í fi sílẹ̀. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Michael Buonocore ní Rochester, ní New York, ló mú ọgbọ́n ásíìdì yẹn jáde ní 1955. Ó ti mọ̀ pé àwọn tó ń kun irin máa ń fi ásíìdì yẹn sí irin kí ọ̀dà lè dì í mú, ló bá ní ṣé kò ní ṣiṣẹ́ lára eyín náà ni? Ó ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn náà ni Rafael Bowen, òun náà ní Amẹ́ríkà, wá ṣe ohun tí wọ́n ń dí eyín gan-an, tó gba ìwé àṣẹ lórí ẹ̀ ní 1962: òróró kan bíi rósíìnì tí wọ́n pò mọ́ ẹ̀lọ̀ gíláàsì kíkúnná. Composite ni wọ́n ń pè é. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń lọ fix nails, ẹ ti mọ apá kan ẹ̀ tẹ́lẹ̀: bí jẹ́ẹ̀lì yẹn ṣe máa ń rọ̀ lórí èékánná yín títí ẹ ó fi ti ọwọ́ bọ abẹ́ iná, bẹ́ẹ̀ náà ni composite máa ń rọ̀ títí iná búlúù á fi kàn án.

Iṣẹ́ ọjọ́ yẹn, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ bí mo ṣe rí i. Kó tó fọwọ́ kan nǹkan kan, ó ní kí n nu lípsítíìkì kúrò, ó fà mí lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó ní iná inú yàrá máa ń purọ́, ojúmọmọ lòun fẹ́ fi wò ó. Ó gbé àpẹẹrẹ àwọ̀ yẹn sí i, A1, A2, A3, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń pè wọ́n, A1 ló funfun jù nínú wọn. Mo rò pé A1 ni mo máa jẹ́, ẹ̀yin náà ẹ wo ìgbéraga. Ó ní ìdí eyín mi nítòsí erìgì jẹ́ A3, ẹnu ẹ̀ jẹ́ A2, àwọ̀ méjèèjì lòun sì máa lò. Ó fi composite díẹ̀ lé orí eyín yẹn láì tíì fi gúlúù sí i, ó tan iná sí i, torí àwọ̀ ẹ̀ máa ń yí díẹ̀ tó bá ti gan, ó wò ó, ó yọ ọ́ dànù. Ó tún mọ igun eyín yẹn bó ṣe yẹ kó gùn tó, láì fi gúlúù sí i náà, ó wá ní "Mummy, ẹ bá mi sọ̀rọ̀."

Mo ní kí n sọ kí ni?

Ó ní ohunkóhun tó bá ní "f" nínú, kó lè mọ̀ bóyá gígùn ẹ̀ bá ètè ìsàlẹ̀ mi mu, kó tó fún mi lábẹ́rẹ́ tí ètè á fi kú. Ẹ má bi mí bó ṣe rí o. Mo jókòó sórí àga yẹn, mo bẹ̀rẹ̀, "Ẹ̀yin ẹbí ọkọ, ẹ fẹ̀sọ̀ wọlé, ìfẹ́ lẹ bá wá, ẹ má fọwọ́ lẹ́rán, ẹ fọwọ́ sápò," nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Dókítà ní ó gùn jù díẹ̀, ó gé e, ó ní kí n tún un sọ. Ìgbà tí "ìfẹ́" jáde bó ṣe yẹ kó jáde ló tó fi nǹkan rírọ̀ kan tẹ ẹ̀yìn eyín yẹn, ó gan, ó di àwòrán tó máa fi mọ ọ́n padà.

Ó tún bi mí léèrè ọ̀rọ̀ kan tí mo fi fẹ́ràn ẹ̀. Mo ní èéjí lókè, láàárín eyín iwájú méjèèjì gan-an, bí ìyá mi ṣe ní in nìyẹn, bí ìyá tó bí wọn ṣe ní in nìyẹn. Ó ní ṣé kóun fi composite yìí pa á dé nígbà tóun wà níbẹ̀, torí àwọn kan máa ń bẹ̀ òun pé kóun bá àwọn pa á dé. Èéjí mi kẹ̀! Èéjí tí àwọn mìíràn ń lọ fowó dá! Mo ní dókítà, tẹ́ ẹ bá pa á dé ẹ máa sọ fún ìyá mi fúnra yín. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun kàn gbọ́dọ̀ béèrè ni. Ọ̀rọ̀ gidi ló wà níbẹ̀ ṣá: ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, torí tí dókítà bá fẹ́ gba ojú ẹwà tiẹ̀ wò ó, èéjí lè di àbùkù tó yẹ kí wọ́n tún ṣe. Ó fi ike pẹlẹbẹ kan tí a lè rí òdìkejì ẹ̀ sáàárín wọn kí nǹkan yẹn má bàa tàn lọ sára ìkejì.

Abẹ́rẹ́ yẹn, ọkàn mi lù kìkìkì fún ìṣẹ́jú díẹ̀, mo rò pé ẹ̀rù ni. Ó ní wọ́n máa ń po adrenaline mọ́ oògùn náà kó lè pẹ́ níbẹ̀, òun ló ń mú ọkàn sáré. Tẹ́ ẹ bá ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àìsàn ọkàn, ẹ sọ kí wọ́n tó gún yín, ẹ má dúró dìgbà tí wọ́n bá béèrè.

Ohun tó wá yàtọ̀ jù lọ ni rọ́bà. Rọ́bà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan báyìí, ó lu ihò sí i, ó jẹ́ kí àwọn eyín tó fẹ́ ṣiṣẹ́ lé gba inú ihò yẹn yọrí síta, ó fi irin kékeré há a mọ́ eyín kan lẹ́yìn, ó wá na rọ́bà yẹn sórí férémù níwájú ẹnu mi. Imú ni mo fi ń mí. Ẹni tí catarrh ń bá jà, ẹ sún ọjọ́ yẹn síwájú. Ètè, ahọ́n, itọ́, gbogbo ẹ̀ wà lẹ́yìn rọ́bà, eyín nìkan ló wà níta, ó gbẹ kanrinkan. Mi ò lè sọ̀rọ̀, nọ́ọ̀sì ní òun ò rí irú ẹ̀ rí, kí alága dákẹ́ tó báyẹn. Àmọ́ ẹ gbọ́, tó bá jẹ́ pé mo lè gbé itọ́ mì bó ṣe wù mí láì bẹ̀rù pé mo ń ba iṣẹ́ jẹ́, kí ló tún kù tí mò ń wá? Wọ́n lè múná lọ nígbà mẹ́wàá, itọ́ ò ní rí eyín yẹn. Iná búlúù ọwọ́ ẹ̀ sì jẹ́ èyí tí wọ́n ń cháàjì bíi fóònù, inverter ló ń gbé ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ wọn. Mo béèrè ìyẹn náà, mo ti gbọ́n.

Ó ń lẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, ìpele lórí ìpele, ó tan iná sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó fi gíláàsì aláwọ̀ ọsàn bo ojú. Ìdí tí kò fi gbọdọ̀ jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tó bá nípọn, iná yẹn kì í wọlé jìnnà, fún èyí tó wọ́pọ̀, tó bá ti ju mìlímítà méjì lọ ìsàlẹ̀ ẹ̀ lè má gan. Ìkejì ni pé composite máa ń sún kì díẹ̀ bó bá ṣe ń gan, tẹ́ ẹ bá kó gbogbo ẹ̀ lé e lẹ́ẹ̀kan á fa ara ẹ̀ kúrò lára eyín, àlàfo tẹ́ẹ́rẹ́ á wà níbẹ̀, àlàfo yẹn ni kòkòrò máa gbà wọlé, èèyàn á rò pé òun ti dí eyín, nǹkan á ti máa rà lábẹ́ ẹ̀. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́, wọn ò tiẹ̀ mọ composite.

Nígbà tó yọ rọ́bà, ó fún mi ní dígí, ó tún yára sọ pé "Mummy, ẹ má pariwo o, àwọ̀ ẹ̀ ò tíì bára mu." Lóòótọ́, eyín mi funfun, filling ẹ̀ dúdú díẹ̀ jù ú lọ. Torí eyín ti gbẹ lábẹ́ rọ́bà ni. Ó ní kí n má wò ó dọ̀la. Ọjọ́ kejì mo wò ó, mo wá ibi tí filling ti bẹ̀rẹ̀ tì. Èmi tí mo mọ ibi tó wà o! Ẹ fi èyí sọ́kàn: èyí tó bá bá eyín yín mu rẹ́gírẹ́gí lórí àga lẹ́yìn tí wọ́n ti gbẹ ẹ́, òun ló yẹ kẹ́ ẹ fura sí.

Níbi tó ti ń wo gbogbo ẹnu ló ti rí ihò méjì lẹ́yìn, ọ̀kan nísàlẹ̀, ọ̀kan lókè lápá òsì. Mínírà òde àti midnight jollof ló fà á, mi ò ní fi ṣe àjẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan tí ṣúgà bá wọlé, kòkòrò tó wà lára eyín á sọ ọ́ di ásíìdì, bẹ́ ẹ bá wá ń mu ún díẹ̀díẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́ bí àwa oníṣẹ́ òde ṣe ń ṣe, eyín ò ní ráyè sinmi rárá, ó tiẹ̀ sàn kẹ́ ẹ mu ìgò yẹn tán lójú oúnjẹ. Mo ní kó fi ti funfun yìí náà dí wọn. Ó ní ẹ dúró ná.

Ìyá mi ní ti fàdákà lẹ́yìn, amalgam, ó ti wà níbẹ̀ látìgbà tí mo wà ní sẹ́kọ́ńdìrì, wọ́n ṣì fi ń fọ́ eegun. Mo ti rò pé ti àtijọ́ ò dáa ni wọ́n ṣe pa á tì. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ó lágbára, kì í bẹ̀rù itọ́ tó bẹ́ẹ̀, owó ẹ̀ ò pọ̀. Ohun tó bá a jà ni pé nǹkan bí ìdajì ẹ̀ ló jẹ́ mẹ́kúrì, tí wọ́n pò mọ́ fàdákà, tin àti kọ́pà. Ìlú kan ń bẹ ní Japan tó ń jẹ́ Minamata, àwọn èèyàn ibẹ̀ jẹ ẹja inú omi tí mẹ́kúrì ilé iṣẹ́ ti bà jẹ́, àìsàn tó mú wọn di mímọ̀ ní 1956, orúkọ ìlú yẹn ni wọ́n fi pe àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe ní 2013 láti dín mẹ́kúrì kù, Nàìjíríà náà wà nínú ẹ̀. European Union tiẹ̀ ti dá amalgam dúró láti January 2025, àyàfi tí ìdí ìṣègùn gidi bá wà. Ìyá mi gbọ́, wọ́n ní kí n wá mú wọn lọ yọ tiwọn lọ́jọ́ kejì! Dókítà ní kí wọ́n jókòó jẹ́ẹ́, tó bá ti wà dáadáa tí kò fọ́ tí kò jò, kí wọ́n fi sílẹ̀, yíyọ ẹ̀ láìnídìí gan-an ló máa tú afẹ́fẹ́ mẹ́kúrì sílẹ̀, á sì tún gé eyín tó dáa mọ́ ọn.

Ti ìsàlẹ̀ tèmi, rọ́bà gba ibẹ̀, ó fi composite dí i. Ti òkè lápá òsì, ihò yẹn sún mọ́ erìgì, erìgì wú ó sì ń ṣẹ̀jẹ̀, ó ní kò sí bóun ṣe lè mú ibẹ̀ gbẹ báyìí, òun ò sì ní gba owó composite lọ́wọ́ mi fún nǹkan tóun mọ̀ pé ó máa jò. Mo wò ó, mo ní dókítà yìí, Ọlọ́run á bù kún yín. Glass ionomer ló fi síbẹ̀. Aláwọ̀ eyín lòun náà, kò kàn dán tó composite ni, kò sì lágbára tó o, àmọ́ òun fúnra ẹ̀ ló máa ń dì mọ́ eyín, ó máa ń tú fluoride, èròjà tó ń mú eyín le, sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ sára eyín, ó sì lè gba ìrì díẹ̀ mọ́ra. Àwọn ọkùnrin méjì kan ní London, Wilson àti Kent, ló gbé e jáde ní bíi 1972. Òun náà ni wọ́n wá ń lò fún ọgbọ́n kan tó bẹ̀rẹ̀ ní Tanzania láàárín 1980 sí 1990, fún ibi tí kò síná kò sí ẹ̀rọ, irin ọwọ́ lásán ni wọ́n fi ń wa ibi tó rà kúrò, wọ́n á sì fi dí i. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lọ́mọ kékeré tí kì í jókòó jẹ́ẹ́ lórí àga, ẹ béèrè nípa ẹ̀.

Ohun kan tún wà. Tí eyín bá ń ji yín lóru, tó ń ro yín láì sí pé ẹ jẹ nǹkan, tàbí tí erìgì tó yí i ká bá wú, kì í ṣe filling ló kàn yẹn o, ó ti wọ iṣan. X-ray ni kẹ́ ẹ béèrè fún. Mo mọ ẹni tó lọ dí akokoro pa báyẹn, ojú ẹ̀ wú gbọ̀ọ̀ lọ́jọ́ kẹta.

Lẹ́yìn tí wọ́n dí ti ìsàlẹ̀ yẹn, omi tútù ń ta mí fún bí ọ̀sẹ̀ kan, ìyẹn máa ń ṣẹlẹ̀, ó lọ fúnra ẹ̀. Èyí tí kò gbọdọ̀ wà níbẹ̀ ni kẹ́ ẹ deyín pọ̀ kó dà bíi pé eyín yẹn ló kọ́kọ́ ń kan ìkejì ẹ̀. Wọ́n ti ní kí n gé bébà aláwọ̀ jẹ lọ́jọ́ yẹn kí wọ́n lè rí ibi tó ga, àmọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ti kú, mi ò mọ bí mo ṣe ń deyín. Nígbà tó jí, mo rí i pé ó ga. Mo padà lọ, wọ́n gé e díẹ̀, ìrora tó ti bẹ̀rẹ̀ kásẹ̀ ńlẹ̀. Ẹ má tijú láti padà lọ, ẹ má sọ pé á wọlé fúnra ẹ̀.

Nípa àwọ̀, obì ló máa ba tèmi jẹ́ tí mi ò bá ṣọ́ra. Obì ò sí nídìí iṣẹ́ wa kó má tó mi lẹ́nu, "obì rè é, bíbì ni í bikú," wọ́n á ní kí alága kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Obì, zóbò, kọfí, gbogbo wọn ló máa ń pa composite láró bó bá pẹ́. Mo máa ń fomi yọ ẹnu lẹ́yìn ẹ̀ báyìí, tí mo bá sì lọ fún àyẹ̀wò wọ́n máa ń bá mi dán an. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá ń gbèrò láti fọ eyín funfun, bleaching yẹn, ẹ ṣe é kẹ́ ẹ tó dí eyín iwájú, kẹ́ ẹ wá dúró bí ọ̀sẹ̀ méjì. Tẹ́ ẹ bá ṣe é lẹ́yìn ẹ̀, eyín yín á funfun, filling ò ní yí, owó méjì lẹ máa ná. Pákò, wọn ò ní kí n má rin ín, mo kàn ń fi ẹ̀gbẹ́ gé orín ẹ̀ ni, mi ò fi eyín yẹn ya á. Fífi ọṣẹ ìfọyín tó ní fluoride fọ eyín, kẹ́ ẹ tutọ́ ẹ̀ dànù láì fomi yọ ọ́ tán, ìyẹn náà wà níbẹ̀. Ìdérí ìgò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin èèyàn mi, opener ò wọ́n.

Composite ò sí títí ayérayé, ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ fún yín ń tajà ni. Àmọ́ ohun tí mo fẹ́ràn nínú ẹ̀ ni pé wọ́n lè lẹ̀ ẹ́ láì tú gbogbo ẹ̀. Nígbà tó yá, etí ẹ̀ ṣí díẹ̀, mo ti ń ro owó tuntun. Dókítà ní rárá, ó ha ojú ibẹ̀, ó fi gúlúù sí i, ó fi díẹ̀ kún un, kò sí abẹ́rẹ́, rọ́bà ṣá wà níbẹ̀ o, owó tó gbà ò tó nǹkan. Ọjọ́ yẹn náà ni mo ní kó bá mi wo ti òkè lápá òsì, erìgì ibẹ̀ ti wálẹ̀ láti ìgbà tí mo ti ń fi okùn yọ oúnjẹ kúrò níbẹ̀ lálaalẹ́. Ó ní ó ti lè gbẹ wàyí, a lè pààrọ̀ glass ionomer yẹn sí composite ìgbàkugbà tí mo bá ráyè. January ni mo fi sí. December kọ́ ni alága máa lọ la ẹnu sílẹ̀ láì sọ̀rọ̀.